Ẹsẹ̀ Tí Ìyá Ẹlẹ́ní Ré Kọjá

Òórùn ẹní tuntun ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹní tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ní òórùn tirẹ̀: ó dà bí koríko tí wọ́n sá sóòrùn tí ìrì sì tún sẹ̀ sí lórí, pẹ̀lú òórùn ẹrẹ̀ ọ̀sà díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìdì mẹ́rin ló wọlé láti Èjìnrìn ní ìrọ̀lẹ́ àná, wọ́n sì tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìkòròdú, nítòsí ọ̀nà tó lọ sí Èbúté. Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, jáde láti inú yàrá rẹ̀ láti wá wò wọ́n. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Kì í ṣe pé ó dúró ronú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí ẹyẹ tí àtè mú. Àyà ń lọ síwájú, ẹsẹ̀ kò lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni aládùúgbò wa kan kígbe láti ojú títì pé, "Ìyá Ẹlẹ́ní, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí?" Màmá yí ọrùn padà láti dáhùn, nítorí kò sí ẹni tó kí i rí tí kò dá lóhùn, ó sì wó lulẹ̀ bí igi ọ̀pẹ. Orí ìdì ẹní ló ṣubú lé. Ẹní tó tà fún nǹkan bí ogójì ọdún ló gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ìgbà kẹta nìyẹn tí ó máa ṣubú láàárín oṣù kan.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ yóò rántí irú obìnrin tí mò ń wí. Màmá ga, ó dúdú, ó sì gbéraga. N kò fi ìgbéraga bú u. Èmi náà jogún rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì fẹ́ dá a padà. Ìdájí ọjọ́ ọjà Èjìnrìn ló máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi, á dúró láàárín ọkọ̀ láìdi nǹkan kan mú, á máa wo omi bí ẹni pé òun ló ni ín. Nígbà tí mo máa fi gbọ́n, àìsàn ti dé. Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ mú. Àtàǹpàkò ń bá ìka tó tẹ̀lé e yí bí ọwọ́ ẹni tó ń ran òwú, bẹ́ẹ̀ kò sí òwú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le, kò tètè rẹ́rìn-ín mọ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó di kéékèèkéé, bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ àìsàn náà nílé wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni láti wá ẹni tó fà á.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Gbogbo ilé wa ló ń wo ẹ̀yìn. Ta ni Màmá bá jà lọ́jà? Èwo nínú àwọn orogún àtijọ́ ló ń rán nǹkan sí i? Ìyá mi nìkan ni kò bá wọn wò ó. Aránṣọ ni ìyá mi, ẹnu rẹ̀ máa ń kún fún abẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ohun tó máa ń sọ fún mi nígbà tí mo bá fi ẹsẹ̀ kọ ni pé, "Ilẹ̀ kì í parọ́ fún ẹni tó bá wò ó." Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń wo ẹ̀yìn, èmi wo ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, Ẹ̀pẹ́ ló lọ́kọ sí, ibẹ̀ ló ti ń ta ẹja gbígbẹ, ó sì lówó lọ́wọ́ ju bàbá mi lọ dáadáa. Ó ti kú tipẹ́. Mo mọ̀ pé òkú kò lè gbèjà ara rẹ̀. Èmi náà kò lè gbèjà ara mi nígbà tí ó wà láàyè, torí náà ọ̀rọ̀ wa dọ́gba. Ó jókòó sí àga bàbá mi, ó ní, "Gbogbo Ìkòròdú ló ń wo ìyá mi tó ń ṣubú bí ọ̀mùtí. Ẹ̀gàn yìí tó. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń bọ̀. Mo ní yàrá kan lẹ́yìnkùlé, wọ́n á máa dùbúlẹ̀ síbẹ̀, a óò máa gbé oúnjẹ fún wọn."

Bàbá mi jẹ́ tíṣà. Ohùn rẹ̀ máa ń dún kọjá ògiri níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní ohùn kankan. Ó kàn sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ná, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá Ẹ̀pẹ́ ní, "Ìfarabalẹ̀ kẹ̀? Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀tàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ní Èbúté níjọ́sí, lójú mi ni Màmá ti gun pákó ọkọ̀ bí ọmọge. Wọ́n délé, wọ́n ní àwọn kò lè kọjá ẹnu ọ̀nà. Àìsàn wo ló ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ilé àti èbúté?"

Màmá wà nínú yàrá, ó ń gbọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n fi àdéhùn sí i: tí ọjọ́ yìgì Sìká, ọmọbìnrin Ìyá Ẹ̀pẹ́, bá pé, Màmá á bá wa lọ sí Ẹ̀pẹ́. Tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti èbúté dé ilé láìṣubú, á bá wa padà. Tí ó bá ṣubú lójú àwọn àlejò, á wà níbẹ̀ títí Ọlọ́run á fi pè é. Wọ́n fún wa ní oṣù méjì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ sọ ló la ojú mi. Òótọ́ ni pé Màmá ń gun pákó ọkọ̀ láìsí wàhálà. Mo tẹ̀lé e lọ sí Èbúté lọ́jọ́ kejì, mo sì wo ilẹ̀. Pákó tí wọ́n fi ń bọ́ sínú ọkọ̀ ní àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kàn ní ìbú mọ́ ọn, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Ẹsẹ̀ Màmá ń gòkè igi kọ̀ọ̀kan, ó ń ré e kọjá, ó ń wá èkejì. Ó gun pákó náà, ó sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tó tẹ́jú, àtè tún mú un.

Ọjọ́ kẹta ni mo jí ṣọ́ọ̀kì méjì nílé ìwé. Mo fa ìlà sí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, láti yàrá Màmá dé ojúlé, ìlà kan sí ìṣísẹ̀ kan. Mo ní, "Màmá, pákó ọkọ̀ nìyí. Ẹ máa ré e kọjá." Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé òsì. Ó dé ojúlé kí ó tó bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló kọ́ ẹ?" Oríkì mi nìyẹn, òun nìkan ló ń fi pè mí. Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Wọ́n nà mí lẹ́gba mẹ́fà nílé ìwé nítorí ṣọ́ọ̀kì náà, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló nà mí, n kò sì sọ ohun tí mo fi ṣe. Ìgbà tó délé tó rí ìlà lórí ilẹ̀, ó dúró pẹ́ kí ó tó bọ́ bàtà. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń mú ṣọ́ọ̀kì wálé.

Oṣù méjì náà ni mo fi kọ́ ohun tí n kò rí kà nínú ìwé kankan nígbà náà. A ká gbogbo ẹní kúrò nílẹ̀, nítorí etí ẹní ló máa ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Inú Màmá kò kọ́kọ́ dùn pé kò ní sí ẹní nílé ẹlẹ́ní. Ìyá mi gé ìró rẹ̀ kúrú dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì rán an pọ̀ kí ó má baà tú. Wọ́n da yanrìn sí ojú balùwẹ̀ tó ń yọ̀, káfíńtà kan sì kan ọparun mọ́ ògiri láti ẹ̀yìnkùlé dé ibẹ̀ kí ó lè dì í mú. Mo rí i pé kò yẹ ká fà á lọ́wọ́; tí wọ́n bá fà á, ara á lọ, ẹsẹ̀ á kù, á ṣubú lórí ẹni tó ń fà á. Mo rí i pé kò gbọdọ̀ yí padà bíi òkòtó. Mo ní kí ó máa yí bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń yí, kí ó gba ọ̀nà jíjìn rìn yíká. Ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní òun mọ ọkọ̀ ojú omi ju òkòtó lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó le jù lọ ni ìkíni. Ẹ mọ̀ bí ìlú wa ṣe rí. Kò sí àgbàlagbà tó máa kọjá ilé mẹ́ta tí wọn kò ní kí i ní ìgbà mẹ́fà, kò sì sí bí ẹni iyì kò ṣe ní dúró dáhùn, kó béèrè ọmọ, kó béèrè ọkọ. Màmá kò lè fi orí kan ṣoṣo rìn kí ó tún fi dáhùn. Tí ọ̀rọ̀ bá wọlé, ìrìn á jáde. Gbogbo ìgbà tó ti ṣubú, ẹnì kan ló ń kí i. Ọ̀wọ̀ ló ń gbé e ṣubú. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí rìn níwájú rẹ̀ ládùúgbò, mo ń sọ fún àwọn tó tó bí ìyá mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí Màmá o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ná." Ẹ fojú inú wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Orúkọ tí mo gbà ní àdúgbò wa nítorí ìyẹn ni "Má-kí-wọn", wọ́n sì sọ fún ìyá mi pé kò kọ́ ọmọ. Ìyá mi tu abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, ó ní, "Mo kọ́ ọ. Ó kàn kọ́ kọjá ibi tí mo dúró ni."

Ọjọ́ yìgì Sìká pé. A wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, a dúró díẹ̀ ní Èjìnrìn, àwọn ẹlẹ́ní mọ Màmá, wọ́n ń pè é láti èbúté. Ó jókòó, ó ráyè dáhùn gbogbo wọn. Nígbà tí a dé Ẹ̀pẹ́, oòrùn ti ga, òórùn ẹja gbígbẹ gba gbogbo etí omi. Màmá gun pákó, ó ré igi kọ̀ọ̀kan kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn. Ó dúró. Àtè mú un. Láti ibẹ̀ sí ilé Ìyá Ẹ̀pẹ́ kò ju bí ilé mẹ́wàá lọ, àwọn àlejò sì ti kún ọ̀nà.

Kò sí sìmẹ́ńtì tí mo lè fi ṣọ́ọ̀kì kọ. Mo ṣa igi kan létí omi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì ń fa ìlà sínú iyanrìn níwájú rẹ̀, mo ń fi ẹ̀yìn rìn lọ. Màmá ré ọ̀kan kọjá, ó ré èkejì. Ọkùnrin apẹja kan ń tún àwọ̀n ṣe, ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé o ń wọn ilẹ̀ tà ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò wo ojú rẹ̀. Obìnrin kan kúnlẹ̀ láti kí Màmá, mo ní, "Ẹ má kí wọn o, Mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ná." Obìnrin náà ní, "Èwo ni ká má kí àgbà? Ta ló bí èyí?" Bàbá mi, tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa pẹ̀lú ìyá mi, dáhùn pé, "Èmi ni." Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. N kò tíì gbàgbé wọn.

Ó ku díẹ̀ ká délé nígbà tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ já sí wa. Ó wọ aṣọ tó dára, ojú rẹ̀ kò dára. Ó ní, "Dìde níbẹ̀. O ti sọ ìyá mi di ẹni ìran lójú àna mi." Ó gba igi lọ́wọ́ mi, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó jù ú nù. Màmá ti dé iwájú ilé. Ẹnu ọ̀nà tó kù yìí, sìmẹ́ńtì dídán ni wọ́n fi ṣe é, kò sí ìlà níbẹ̀, àwọn àlejò sì jókòó sínú ilé, gbogbo wọn kọjú síta. Ẹsẹ̀ Màmá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ìyá Ẹ̀pẹ́ dì í lọ́wọ́ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí fà á. Mo rí i tí àyà Màmá ń lọ síwájú láìsí ẹsẹ̀. Mo ti mọ bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀.

N kò ronú. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo na ẹsẹ̀ mi ní ìbú níwájú rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ ré e kọjá."

Kò sí Yorùbá kan tí kò mọ ohun tí mo ṣe. A kì í ré ẹsẹ̀ ọmọ kọjá. Wọ́n ní ọmọ náà kò ní ga mọ́, wọ́n ní ẹni tó ré e kọjá á fi ohun tó ń ṣe é sí i lára, àyàfi tí ó bá padà ré e kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Màmá mọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi tó rù, tó kún fún iyanrìn. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ọmọ ni."

Mo ní, "Pákó ọkọ̀ ni, Màmá. Ẹ máa bọ̀."

Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè dáadáa, ó ré mi kọjá, ó gbé òsì tẹ̀lé e, ó sì wọlé. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ní, "Màmá, ẹ padà. Ẹ padà ré e kọjá, kí ẹ tó ba ti ọmọ yìí jẹ́."

Màmá kò yíjú. Ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá yí padà, mo máa ń ṣubú, Àdùkẹ́. Iwájú nìkan ni mo lè lọ. Ẹ fún mi ní àga." Wọ́n gbé àga fún un. Ó jókòó, ó tún gèlè ṣe pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ó wo gbogbo wọn yíká. Ó ní, "Ó yá, ẹ máa kí mi wàyí." Ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì kí i títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

Mo rí yàrá náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Fèrèsé rẹ̀ kò tóbi ju sílétì mi lọ. Bẹ́ẹ̀dì kan, póò kan, àti àgádágodo tí wọ́n fi kọ́ ìta ilẹ̀kùn. Ìta ni, kì í ṣe inú. N kò sọ fún Màmá. Mo sọ fún bàbá mi, òun náà sì lọ wò ó. Nígbà tí ó jáde, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Màmá ń bá wa padà," kò sì pè é ní ẹ̀gbọ́n.

Màmá lo ọdún púpọ̀ sí i nílé wa. N kò ní parọ́ pé kò ṣubú mọ́; ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ẹnì kan gbé nǹkan sí ọ̀nà rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kú sí, fèrèsé ṣí, kò sí egungun kan tó ṣẹ́. Ìyá Ẹ̀pẹ́ kò dáríjì mí. Títí ó fi kú, ó ń sọ kiri pé Màmá ti kó àìsàn rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, àti pé kí wọ́n máa wò mí.

Wọ́n wò mí pẹ́. Mo ka ìwé dé ibi tí ìwé dé, mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ga ju gbogbo ọmọ Ìyá Ẹ̀pẹ́ lọ. Ọdún kẹfà rèé tí ọwọ́ ọ̀tún mi ti bẹ̀rẹ̀ sí ran òwú tirẹ̀. Dókítà pè é ní Pákínsìn. Ó ní kì í ṣe ohun tí ẹsẹ̀ ń fi sí ẹsẹ̀ lára. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa ní ìrìn nílé ìwòsàn lẹ téèpù pupa mọ́ ilẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kọjá ìlà yìí. Ọgbọ́n tuntun ni." Mo ní, "Ọmọ mi, mo ti fi ọgbọ́n yìí jẹ ẹgba kí wọ́n tó bí ìyá rẹ." Ó rò pé àwàdà ni.

Lọ́dún tó kọjá ni Sìká wá sílé mi, òun àti ọmọ rẹ̀. Sìká náà ti di arúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó wo ọwọ́ mi títí, ó wá sọ ohun tó wá sọ: "Wàhálà ẹnu ọ̀nà wa ọjọ́sí nìyẹn, àbúrò mi. Ìyá mi wí i." Ọmọ rẹ̀ sọ pé yàrá kan wà lẹ́yìnkùlé àwọn, ó ní afẹ́fẹ́ dáadáa, kí n má máa dá gbé kí n má baà ṣubú. Mo béèrè pé níbo ni wọ́n fi àgádágodo rẹ̀ sí. Ọmọ náà kò mọ ohun tí mò ń wí. Sìká mọ̀. Ó wo ilẹ̀.

Mo dìde láti sìn wọ́n jáde. Kò sí ẹní nílé mi, kò sí àpótí ní ojú ọ̀nà, igi ìdìmú wà lára ògiri, téèpù pupa wà nílẹ̀ láti àga dé ìtòsí ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ má tíì dágbére fún mi. Ẹ jẹ́ kí n dé ẹnu ọ̀nà ná." Wọ́n dákẹ́, mo sì rìn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún ń bẹ̀rù gbogbo ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n n kò lẹ téèpù mọ́ ẹnu ọ̀nà mi, ọmọbìnrin ilé ìwòsàn sì ti béèrè ìdí. Tí mo bá débẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi lẹ̀, mo máa ń dúró títí n ó fi rí i: ẹsẹ̀ ọmọdé kan tó rù, tó kún fún iyanrìn Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n nà ní ìbú níwájú mi. Lọ́jọ́ náà, lójú Sìká, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè dáadáa, mo ré ara mi kọjá, n kò sì padà sẹ́yìn.